Ṣé ká máa pín ikú sí ohun tó fà á ká tó ṣírò owó ìfẹ̀yìntì àti adójútòfò ẹ̀mí?

Ìṣirò_Lékòó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka owó ìfẹ̀yìntì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, mo sì ń ṣe ìdánwò actuary lọ́wọ́, ìyẹn àwọn tó ń ṣírò ewu ikú àti owó fún adójútòfò àti ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Bí ẹ bá ṣí ìròyìn owó ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wa ní Nàìjíríà, tí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ẹ ó sábà rí i pé tábìlì ikú A67/70 tàbí A49/52 ni wọ́n lò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì ti wá. Ikú àwọn tó ra adójútòfò ẹ̀mí níbẹ̀ láàárín 1967 sí 1970 ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan, ti 1949 sí 1952 ni wọ́n fi ṣe èkejì. Wọ́n á tún kọ ọ́ mọ́ ọn pé àìsí àkọsílẹ̀ ikú tó ṣeé gbára lé nílẹ̀ wa ló fà á tí wọ́n fi yá a lò.

Àwọn tábìlì yìí ò sọ ohun tó pa ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀n ikú ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń pa ọkùnrin ẹni ọdún 45 ní London ní 1968, ṣé òun náà ló ń pa ẹni ọdún 45 n'Íkẹjà lónìí? Bí kì í bá ṣe òun, ṣé kò yẹ ká mú ikú lọ́kọ̀ọ̀kan, àrùn ọkàn lọ́tọ̀, jẹjẹrẹ lọ́tọ̀, ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́tọ̀, ká wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ, ká wá ro wọ́n pọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Àbúrò, o kú làákàyè. Iṣẹ́ tí mo ṣe ní London títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Kọ́kọ́ fi í sọ́kàn pé ohun tó ń ba àwọn méjèèjì lẹ́rù yàtọ̀ síra. Ikú àìtọ́jọ́ ló ń ba ilé-iṣẹ́ tó ta adójútòfò ẹ̀mí lẹ́rù. Ẹ̀mí gígùn tó ju èyí tí wọ́n ṣírò lọ ló ń ba àwọn tó ṣèlérí owó oṣù títí dọjọ́ ikú lẹ́rù. Torí náà, àṣìrò kan náà lè jẹ́ èrè fún ọ̀kan kó jẹ́ gbèsè fún èkejì.

Sìgá ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbà pé ó yẹ ká mọ ohun tó ń pa ni. Ní 1948, nínú ọkùnrin 100 ní Britain, nǹkan bí 82 ló ń mu tábà. Ní 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill tẹ ìwádìí wọn jáde tó so sìgá mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jáwọ́ díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ ikú jẹjẹrẹ yẹn ṣì ń gòkè láàárín wọn títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kó tó yí padà. Ti àwọn obìnrin tún pẹ́ ju ìyẹn lọ, torí ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sìgá. Ẹni tó ń wo àpapọ̀ ikú nìkan ò lè rí ìdí tí ìran kan fi ń kú ju ìran tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, tó mọ iye wọn tó ń mu sìgá, tó sì ní ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lọ́tọ̀, ó ti lè rí i ní ogún ọdún ṣáájú.

Wá wo ọdún tó wà lára A67/70 yẹn. Àsìkò tí ikú sìgá gbóná jù láàárín ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni. Ìwádìí lórí tábà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2012 rí i pé ìdá 5.6 nínú 100 àgbàlagbà ló ń lò ó. Láàárín ọkùnrin, ìdá 10. Ikú sìgá ará Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣírò ẹ̀mí òṣìṣẹ́ tí kò fẹnu kan sìgá rí. Nínú tábìlì yẹn, ikú sìgá wà níbi tó yẹ kí ibà, ìjàǹbá ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú àti ikú abiyamọ wà. Bí àpapọ̀ bá tiẹ̀ ṣe déédéé ní ọjọ́ orí kan, kò sí ohun tó ní kó ṣe déédéé lọ́dún mẹ́wàá sí i, torí ohun tó ń dín sìgá kù kọ́ ló ń dín ibà kù.

Data_Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ sìgá yẹn. Ríro wọ́n pọ̀ tí Ìṣirò_Lékòó dábàá ni mo fẹ́ tako, torí ìṣòro wà nínú ìṣirò náà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ohun méjì péré ló ń pa ènìyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pa 500 nínú 100,000 lọ́dún. Èkíní ń dín kù ní ìdá 4 nínú 100 lọ́dọọdún, èkejì dúró sójú kan. Lápapọ̀, ikú jẹ́ 1,000, ó sì ń dín kù ní ìdá 2 nínú 100 báyìí.

Tí mo bá di àpapọ̀ mú, tí mo ní ìdá 2 yẹn á máa bá a lọ, lẹ́yìn ọdún 30, ikú á di nǹkan bí 545. Tí mo bá ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èkíní á di 147, èkejì á ṣì jẹ́ 500, àpapọ̀ á di 647. Dátà kan náà, ọdún kan náà, ìdáhùn méjì tó jìnnà síra. John Wilmoth, onímọ̀ nípa iye ènìyàn, ti kọ̀wé lórí èyí ní 1995: tí a bá fa ìtẹ̀síwájú àtẹ̀yìnwá lọ sí ọjọ́ iwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí kì í dín kù ló máa gba gbogbo ààyè, ikú á sì máa pọ̀ ju bí àpapọ̀ ṣe wí lọ.

Fún ilé-iṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, 647 yẹn léwu. Á sọ fún wọn pé àwọn ènìyàn á tètè kú, wọ́n á fi owó kékeré pa mọ́, àwọn arúgbó á sì wà láàyè, wọ́n á máa gba owó.

Ìṣirò_Lékòó

Ẹ ṣé o. Èwo ló wá tọ̀nà nínú 545 àti 647?

Data_Ọ̀ṣogbo

Nọ́ńbà nìkan ò lè sọ ọ́ fún ẹ. Ẹni tó gba 647 ti gbà pé láàárín ọdún 30, kò ní sí dókítà kankan tí yóò rí nǹkan ṣe sí àìsàn kejì. Ẹni tó gba 545 ti gbà pé bí èkíní bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, owó àti làákàyè á ṣí lọ sórí èkejì. Ọkàn mi fà sí èyí tó kẹ́yìn, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Òyìnbó nìyẹn: wọ́n ṣẹ́gun àrùn tó ń ràn, wọ́n bọ́ sórí àrùn ọkàn, wọ́n wà lórí jẹjẹrẹ báyìí.

Ohun kejì: àwọn ikú wọ̀nyí kì í dá dúró. Ní 1760, Daniel Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò, ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí ṣànpọ̀nná bá kásẹ̀ ńlẹ̀ pátápátá. Ṣànpọ̀nná ń pa ọmọdé bí ilẹ̀ bí ẹní nígbà yẹn, síbẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀mí tí a lè retí látìgbà ìbí á gùn láti ọdún 26 àti oṣù 7 sí ọdún 29 àti oṣù 9. Ọdún mẹ́ta péré. Ẹni tí ṣànpọ̀nná dá sí, ohun mìíràn wà lójú ọ̀nà fún un. Bernoulli gbà pé ẹni tí ṣànpọ̀nná ì bá pa lágbára bí ẹlòmíì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí ní tòótọ́? Ẹni tí àrùn ọkàn ì bá pa ní 60, tí wọ́n fún lóògùn, ó ṣeé ṣe kó ní ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú, kí kíndìnrín rẹ̀ sì ti ń rẹ̀. Dátà ikú ò lè fi èyí hàn wá, torí ẹ̀ẹ̀kan ni ẹnì kan ń kú.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Òótọ́ lo sọ, Ọ̀ṣogbo. Ìdí nìyẹn tí CMI, ẹ̀ka tí àwọn actuary ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1924 láti máa wádìí ikú, fi ń lo àpapọ̀ ikú nínú ìṣirò ọjọ́ iwájú tí wọ́n ń gbé jáde láti 2009. Wọn ò pín in.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Láti bí 2011, ìtẹ̀síwájú dín kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀mí tó ti ń gùn sí i lọ́dọọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Àpapọ̀ ikú sọ fún wa pé nǹkan ti yí padà. Kò sọ ìdí. Àwọn ìgbìmọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ń béèrè pé: ṣé òtútù burúkú ọdún kan ni àbí ohun tó máa pẹ́ ni? Owó ńlá wà lórí ìdáhùn yẹn. Ìgbà tí a ṣí dátà okùnfà ikú la rí i pé ikú àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, tó ti ń já wálẹ̀ gìrìgìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti dẹ́kun jíjá bẹ́ẹ̀, àrùn ìgbàgbé àwọn arúgbó sì ń gòkè. Ọ̀rọ̀ ọdún kan kọ́ nìyẹn. Ohun tí mo fi ń lò ó nìyí: mi ò retí kó fún mi ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, mo máa ń bi í pé "tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn ńkọ́? Tí sanra bá ń pọ̀ sí i ńkọ́?" Mo máa wo iye tí owó ìfẹ̀yìntì máa jẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà Kòrónà náà, CMI ò jẹ́ kí ikú ọdún 2020 àti 2021 wọnú ìṣirò wọn rárá. Òdo ni wọ́n fi wọn sí. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó wọlé bó ṣe rí, á dà bíi pé àwọn arúgbó Gẹ̀ẹ́sì á máa kú bẹ́ẹ̀ títí ayé.

Sọ́lá_Joburg

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó nìkan nìyí. Gúúsù Áfíríkà tí mò ń gbé ti ṣe é, torí kò sí ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí HIV dé, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tí ẹ bá ya àwòrán ikú sórí ìwé, ọjọ́ orí 25 sí 40 tó yẹ kó lọ sílẹ̀ wú bí òkè. Tábìlì àtijọ́ kankan ò ní irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn actuary ibí, Actuarial Society of South Africa, wá ṣe ìṣirò tó ya HIV sọ́tọ̀ kúrò lára ikú yòókù. ASSA2003 àti ASSA2008 wà lára wọn. Ìṣirò náà kì í fa ìlà àtẹ̀yìnwá lọ síwájú. Ó ń tẹ̀ lé àwọn ènìyàn: ta ló kó kòkòrò náà, ọdún mélòó ló ti wà lára rẹ̀, ṣé ó ti di àìsàn, ṣé ó ti rí oògùn gbà. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn HIV tí wọ́n ń pè ní ARV ní ilé ìwòsàn ìjọba ní 2004, ibi tí wọ́n máa fi í sí ti wà nínú ìṣirò. Ẹni tó ń lo àpapọ̀ ikú á ti fa ìlà tó ń gòkè yẹn lọ sí ọ̀run, ilé-iṣẹ́ á ti gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí oògùn ti gbà là.

Data_Ọ̀ṣogbo, ìdáhùn sí àtakò yín nìyẹn lójú tèmi. Bí a bá mọ bí àìsàn náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ká yà á sọ́tọ̀. Bí a ò bá mọ̀, tó jẹ́ orúkọ lásán lórí fáìlì, ká fi í sílẹ̀ nínú àpapọ̀.

Data_Ọ̀ṣogbo

Mo gba èyí wọlé. Sìgá àti HIV, a mọ ọ̀nà wọn. Pínpín ikú sí ogún ọ̀nà tí a ò mọ ìdí ìkankan ni mo kọ̀.

Dókítà_Ìbàdàn

Ẹ kú àpérò o. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé okùnfà ikú jẹ́ ohun tí ojú rí. Ọwọ́ dókítà ló ti ń jáde, mo sì ti kọ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ikú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní apá méjì. Ní Apá Kìíní, ìlà a ni ohun tó pa á gẹ́lẹ́, ìlà b ni ohun tó fa ti a, ìlà c ni ohun tó fa ti b. Apá Kejì ni àìsàn mìíràn tó dá kún un. Ká ní màmá ẹni ọdún 86 kan jáde láyé. Mo kọ òtútù àyà sí ìlà a, àrùn ìgbàgbé sí ìlà b, ìtọ̀ ṣúgà sí Apá Kejì. Ìsàlẹ̀ Apá Kìíní ni wọ́n ń lọ wò: àrùn ìgbàgbé ni wọ́n máa kà, F03 nínú ICD-10, àkójọ àmì tí Àjọ náà fi ń to àìsàn. Dókítà tó gba iṣẹ́ lálẹ́, tí kò mọ màmá náà rí, á kọ òtútù àyà nìkan, á fọwọ́ sí i. J18 nìyẹn. Màmá kan náà ló di nǹkan méjì nínú fáìlì yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti England àti Wales ṣe ẹ̀rí, torí àwọn ń kọ ikú sílẹ̀ láti 1837. Ní 1984, ọ́fíìsì tó ń ka ikú níbẹ̀ fẹ ìtumọ̀ òfin kan tí wọ́n ń pè ní Rule 3: tí òtútù àyà bá wà ní Apá Kìíní, tí àìsàn ńlá mìíràn sì wà ní Apá Kejì, àìsàn ńlá yẹn ni kí wọ́n kà. Lọ́dún yẹn, ikú òtútù àyà já wálẹ̀ lójijì. Ní 1993 wọ́n padà sí ti tẹ́lẹ̀, ó tún fò sókè. Òtútù àyà fúnra rẹ̀ ò yí padà rárá. Ẹni tó bá fi ìlà yẹn sọ àsọtẹ́lẹ̀ láìmọ ìtàn rẹ̀, gègé akọ̀wé ló ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ sí ICD-10 ní 2001, ó tún ṣẹlẹ̀. Àrùn ìgbàgbé tí Ẹ̀gbọ́n_Peckham mẹ́nu bà, tó jẹ́ ìdá 12.8 nínú 100 gbogbo ikú níbẹ̀ ní 2018, òótọ́ ni pé àwọn arúgbó pọ̀ sí i, àmọ́ ìyípadà nínú bí wọ́n ṣe ń kà á ní 2011 àti 2014 wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìṣirò_Lékòó

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Nílẹ̀ wa ńkọ́?

Dókítà_Ìbàdàn

Òfin wà láti 1992 pé ká forúkọ gbogbo ìbí àti ikú sílẹ̀, National Population Commission ló ni iṣẹ́ náà. Púpọ̀ nínú ikú wa kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn Mùsùlùmí ń sin òkú lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀pọ̀ arúgbó sì ń kú sílé láìsí dókítà nítòsí. Lórí pósítà ìsìnkú, "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" la ó kà. Ó ń dùn mí, torí àìsàn ráńpẹ́ yẹn sábà máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n.

Ọ̀nà kan wà o. Ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ á lọ bá ẹni tó tọ́jú olóògbé, á béèrè pé: ṣé ara rẹ̀ gbóná, fún ọjọ́ mélòó? Ṣé ó ń wúkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde? Ṣé apá kan ara rẹ̀ rọ lójijì? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé ìbéèrè fún un, dókítà tàbí kọ̀ǹpútà á sì sọ ohun tó ṣeé ṣe kó pa á. Ní 2014, wọ́n ṣe é ní Nàìjíríà fún àwọn ọmọdé tí ìwádìí ìlera 2013 rí i pé wọ́n kú. Àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 20 sí 60 tí ẹ̀yin nílò ló kù.

Tíṣà_Tó_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti òkè wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní kí n yàn: ṣé kí n máa gba owó mi díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n, àbí kí n fi ra annuity, owó tí wọ́n á máa san fún mi títí dọjọ́ ikú, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé ó kàn mí nínú ohun tí ẹ ń sọ yìí?

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Ẹ kú ìsinmi, màmá. Ó kàn yín gan-an. Níbí, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tó ń mu sìgá lè béèrè annuity tó ń san ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ, torí wọ́n gbà pé ọdún tí wọ́n máa fi san án á kéré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín bóyá wọ́n ní irú rẹ̀. Bí wọn ò bá ní, iye kan náà tí ẹni tí kò ṣàìsàn rí ni wọ́n máa fún yín.

Ìṣirò_Lékòó

Mo fẹ́ fi kún un, màmá. Annuity tiwa ní ìdánilójú ọdún 10: tí ikú bá dé láàárín rẹ̀, wọ́n á san èyí tó kù fún àwọn ajogún. Lẹ́yìn ọdún 10, owó ò kan ìdílé mọ́, àmọ́ ẹ̀yin á ṣì máa gbà títí tí ẹ bá wà láàyè. Tí ẹ bá fi í sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n, ohun tó bá ṣẹ́ kù ti àwọn ọmọ yín ni, àmọ́ ó lè tán lójú yín. Ẹ bi dókítà yín bí ìtọ̀ ṣúgà náà ṣe rí, bóyá ó ti kan ojú tàbí kíndìnrín, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ má jẹ́ kí aṣojú kankan kánjú mú yín.

Tíṣà_Tó_Fẹ̀yìntì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó bá mi wo ọ̀rọ̀ kíndìnrín yẹn tẹ́lẹ̀. Màá béèrè kí n tó padà lọ bá wọn.

Ìṣirò_Lékòó

Ẹ̀yin ará, èrò kan sọ sí mi lọ́kàn. Òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Kí wọ́n tó san án, ìdílé gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Àwọn ìwé yẹn wà ní kọ́bọ́ọ̀dù wa, ohun tó pa olóògbé wà lórí wọn, kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Data_Ọ̀ṣogbo

Ó dára púpọ̀. Àwọn tó ní iṣẹ́ gidi nìkan lo máa rí níbẹ̀ o, kò sí àgbẹ̀, kò sí alájàpá. Fún owó ìfẹ̀yìntì, àwọn gan-an lo nílò. Tún kó ti àwọn tó wà láàyè dání: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, ọdún tí wọ́n wọlé. Ikú láìsí iye àwọn tí ikú ì bá pa ò lè di ìwọ̀n.

Dókítà_Ìbàdàn

Má fi ogún orúkọ àìsàn bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin tó: ìjàǹbá, ikú abiyamọ, àrùn tó ń ràn, àti yòókù. Nínú wọn, ìjàǹbá ni dókítà kì í sábà ṣì kọ. Níbi tí o bá ti rí "ọkàn dáwọ́ dúró" nìkan, kọ "a ò mọ̀" síbẹ̀. Ọkàn gbogbo òkú ló ti dáwọ́ dúró.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Kí o tó fi fáìlì kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú wa, yọ orúkọ, nọ́ńbà pẹ́ńṣọ̀n àti àdírẹ́sì kúrò, kí o sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Òfin ààbò dátà 2023 wà nílẹ̀, àwọn ìdílé yẹn ò sì mú ìwé wá ká máa pín in kiri. Tí o bá ti ní iye ikú àti iye òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ orí 30 sí 59, fi ránṣẹ́ sí mi. Màá gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ A67/70 fún ẹ, ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan.